Ẹ Bi Wá: Wáìnì Wo Ló Bá Oúnjẹ Thanksgiving Mu?

Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá ni Thanksgiving l'Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tó wà níbẹ̀, tòlótòló àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù jọ ń jókòó sórí tábìlì kan náà ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wáìnì ti ń dojú rú. Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí rẹ̀ pọ̀. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì fèsì sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ẹbí ti ń bọ̀ wá jẹun lọ́dún yìí. Tòlótòló yíyan máa wà níbẹ̀, stuffing, ọbẹ̀ cranberry, ànàmọ́ tí wọ́n da marshmallow lé lórí, macaroni oníṣíìsì, àti jọ̀lọ́ọ̀fù tí èmi fúnra mi máa sè. Ọkọ mi ní ká ra Cabernet Sauvignon, wáìnì pupa ti Napa ní California, pé òun ló níyì jù. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyàwó ilé, Houston

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa bẹ bàbá àwọn ọmọ. Ọtí gidi ni Cabernet Napa, àmọ́ oúnjẹ yìí kọ́ ló yẹ ẹ́. Ohun kan wà nínú wáìnì pupa tí wọ́n ń pè ní tánínì. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá, díẹ̀ sì ń wá láti ara àgbá igi óòkù tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń mú ẹnu gbẹ bí ìgbà téèyàn bá jẹ obì tán. Tí ẹ bá fi Cabernet jẹ ẹran màlúù tó lọ́ràá, ẹran náà á pa gbígbẹ yẹn. Àyà tòlótòló kò lọ́ràá, kò sì lómi lára púpọ̀. Gbígbẹ ló máa kún gbígbẹ.

Ṣúgà inú ọbẹ̀ cranberry àti ti ànàmọ́ tún wà níbẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti dùn ju wáìnì lọ, wáìnì náà á korò lẹ́nu, adùn èso inú rẹ̀ á sì pòórá. Ata rodo inú jọ̀lọ́ọ̀fù yín ló wá le jù. Ọtí tó bá le máa ń ru ata sókè ni. Cabernet Napa sábà máa ń ní ọtí tó tó ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà bí àlejò yín bá ṣe ń mu ún láti fi pa ata, bẹ́ẹ̀ ni ata á máa ta á sí i. Ẹ tọ́jú ìgò yẹn de ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yan ẹran màlúù.

Ohun tí ẹ ó máa wá ni wáìnì tó kan díẹ̀ lẹ́nu, tí tánínì rẹ̀ kéré, tí ọtí rẹ̀ kò ju 13.5 lọ, tí adùn èso sì hàn nínú rẹ̀. Kíkan yẹn kì í ṣe àbùkù. Òun ló ń fọ ọ̀rá macaroni àti gravy kúrò lórí ahọ́n kí ẹnu tó tún gba nǹkan mìíràn.

Nínú àwọn pupa, Pinot Noir ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ wò. Èyí tó wá láti Willamette Valley ní ìpínlẹ̀ Oregon kì í wúwo, ó sì sábà máa ń kan ju ti California lọ. Èkejì ni Beaujolais láti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń fi èso àjàrà Gamay ṣe. Beaujolais Nouveau máa ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí Thanksgiving tó dé, ìdí nìyẹn tó fi ń kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lásìkò yẹn. Wáìnì èso tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Kò ní ìjìnlẹ̀, àmọ́ ó dára lẹ́bàá tòlótòló bí ẹ bá gbé e tutù díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó nípọn ju ìyẹn lọ, ẹ wá Beaujolais-Villages, tàbí ìgò tí wọ́n kọ Morgon, Fleurie tàbí Brouilly sí lára. Orúkọ àdúgbò ni wọ́n, àwọn oníwáìnì ibẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kọ Gamay tàbí Beaujolais gàdàgbà síwájú ìgò, ẹ má ṣe torí ìyẹn kọjá wọn.

Nínú àwọn funfun, Riesling tó ní ṣúgà díẹ̀ nínú ló lè bá jọ̀lọ́ọ̀fù yín ṣe nǹkan. Ṣúgà ń tu ata lójú, ọtí inú rẹ̀ kò le, kíkan rẹ̀ sì tó láti bá cranberry dọ́gba. Finger Lakes ní New York ń ṣe èyí tó dáa, Mosel ní Jámánì ni baba wọn. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ ra Chenin Blanc, yálà Vouvray ti ilẹ̀ Faransé tàbí ti South Africa, tí kì í wọ́n. Chardonnay ńkọ́? Èyí tó gba inú àgbá óòkù kọjá, tó ń rùn bíi bọ́tà, á bá macaroni yín mu dáadáa, àmọ́ cranberry á sọ ọ́ di ìkorò. Tí Chardonnay bá jẹ́ dandan, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ “unoaked” sí.

Ẹ má sì kó irú wáìnì mẹ́fà sílẹ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ tirẹ̀. Abọ́ kan náà ni gbogbo oúnjẹ yẹn ń wọ̀, wọ́n á ti pò pọ̀ kí ẹ tó mu ẹ̀ẹ̀kan. Pupa kan, funfun kan, àti ọ̀kan tó ń hó fún ìgbà tí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó tó. Bí owó kò bá ká ju irú kan lọ, Riesling ni ká rà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ wáìnì tó dùn láti ara ìgò? Wọ́n ní Riesling máa ń dùn, mo rà á, ó kan lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́. Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní irú rẹ̀ kọ́ lòun ń mu, pupa tó dùn lòun fẹ́.
Òǹkàwé yín ní Maryland

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo iye ọtí tí wọ́n kọ sára ìgò, ó máa ń wà nísàlẹ̀ níbi tí ìwé rẹ̀ ti kéré jù. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú omi èso àjàrà, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Bí wọ́n bá dá a dúró kó tó jẹ ṣúgà náà tán, ọtí á kéré, ṣúgà á sì ṣẹ́kù. Riesling tó bá jẹ́ ìdá 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún máa dùn. Èyí tó wà láàárín 10 sí 11 sábà máa ń dùn níwọ̀nba, òun la ń wá fún oúnjẹ ata. Tó bá ti di 12 sókè, ẹ retí pé kò ní dùn, ó sì dájú pé irú ìyẹn lẹ rà.

Lára ìgò ti Jámánì, bí ẹ bá rí “trocken”, kò sí adùn ṣúgà níbẹ̀. Ìgò tí wọ́n kọ “Kabinett” sí, tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn lára, sábà máa ń dùn díẹ̀, èyí tí wọ́n kọ “Spätlese” sí sì dùn jù ú lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgò Riesling ti Amẹ́ríkà, ìlà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti “Dry” dé “Sweet”, tí wọ́n fi àmì sí ibi tí wáìnì náà bọ́ sí. International Riesling Foundation ló gbé ìlà yẹn kalẹ̀, ó sì ṣeé gbára lé. Ti Vouvray, “sec” kò dùn, “demi-sec” dùn díẹ̀, “moelleux” dùn gan-an.

Àwọn wáìnì tó ń hó ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Lójú ẹni tó gbọ́ èdè Òyìnbó, “Extra Dry” tí wọ́n ń kọ sára ìgò yẹ kó jẹ́ èyí tí kò dùn rárá. Òdìkejì ni. Èyí tí wọ́n kọ Brut sí kì í ní ju gíráàmù ṣúgà 12 lọ nínú lítà kan, Extra Dry máa ń ní 12 sí 17, Demi-Sec sì ń lọ láti 32 sí 50. Ọ̀pọ̀ Prosecco, wáìnì Ítálì tó ń hó, tó wà lórí àtẹ ló jẹ́ Extra Dry.

Fún Màmá, ẹ ra Lambrusco láti Ítálì. Ó pupa, ó ń hó díẹ̀, ọtí inú rẹ̀ kì í sì le. “Amabile” ló dùn níwọ̀nba, “dolce” ló dùn dáadáa. Ẹ sá fún “secco”, nítorí ìyẹn kò dùn. Ẹ gbé e fún wọn ní tútù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ wáìnì mu, torí lẹ́bàá tòlótòló oníọbẹ̀ ata, Lambrusco wọn máa ṣiṣẹ́ ju ìgò olówó ńlá tí àwọn ọmọ ń mu lọ.

ÌBÉÈRÈ: Èèyàn mẹ́rìndínlógún la máa jẹ́. Ìgò mélòó ló yẹ kí n rà, ìgbà wo ni kí n rà á? Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọdé, àwọn mẹ́ta mìíràn kì í mu ọtí.
Bàbá onílé, Dallas

ÌDÁHÙN: Àwọn tó ń mu ọtí ṣẹ́ ku mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìgò mílílítà 750 ń fún èèyàn ní gíláàsì márùn-ún bí ẹ bá ń bu mílílítà 150 síkọ̀ọ̀kan. Bí ìjókòó yín bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, tó parí ní bíi aago méje tàbí mẹ́jọ, ẹ ṣírò gíláàsì mẹ́rin fún ẹnì kan. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 36, ìgò mẹ́jọ á gbé e. Ẹ pín in báyìí: èyí tó ń hó méjì, funfun mẹ́ta, pupa mẹ́ta. Bí ata bá pọ̀ nínú oúnjẹ yín, ẹ yọ pupa kan kúrò, kí ẹ fi funfun rọ́pò. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ padà sílé kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì pèsè nǹkan mìíràn fún un.

Dọ́là 12 sí 25 fún ìgò kan tó fún oúnjẹ irú èyí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń dín owó kù fún ẹni tó bá ra ìgò mẹ́fà tàbí méjìlá, kódà tí wọn kì í bá ṣe irú kan náà, ẹ sáà béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ti ọjọ́ rírà, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà. Lọ́dọ̀ yín ní Texas, òfin ló ti ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀bù ọtí líle lọ́jọ́ Thanksgiving. Ẹ ṣì lè rí wáìnì rà nínú àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ èyí tó bá ṣẹ́kù sórí àtẹ lẹ ó bá. Àwọn tó ń gbé New York ní láti rántí pé sùpámákẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ̀ wọn kì í ta wáìnì rárá, ṣọ́ọ̀bù ọtí ni kí wọ́n tètè lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ìgò Prosecco kan sínú fírísà kó lè tètè tutù, mo bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó bẹ́, gbogbo ẹran tó wà níbẹ̀ ló kún fún àfọ́kù ìgò. Ọ̀nà wo ló yá jù tí kò léwu?
Ẹni tí fírísà rẹ̀ bàjẹ́, Chicago

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹran tí kò sí nínú nǹkan dídì pa, ẹ dà á nù, àfọ́kù ìgò kì í hàn lára yìnyín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún bó bá di yìnyín, gáàsì inú Prosecco sì ti ń ti ìgò náà láti inú tẹ́lẹ̀. Kò sí àyè kankan fún un mọ́.

Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí abọ́ jíjìn. Ẹ da yìnyín sí i dé ìdajì, kí ẹ da omi lé e títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan sí i. Ẹ ri ìgò bọ inú rẹ̀ dé ọrùn. Yìnyín nìkan kò lè ṣe é, torí afẹ́fẹ́ ló wà láàárín ègé yìnyín kan sí èkejì, omi ló ń gbé òtútù kan ara ìgò yíká. Iyọ̀ sì ń jẹ́ kí omi náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ kó tó dì. Wáìnì funfun á tutù láàárín ogún ìṣẹ́jú, èyí tó ń hó á gba nǹkan bí ọgbọ̀n. Nínú fíríìjì, wákàtí mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Èyí tó ń hó dára ní 43 sí 48°F, Riesling àti Chenin ní 45 sí 50, Pinot Noir àti Beaujolais ní 55 sí 60. Ẹ wo ti ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ pé wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì ló ń ba pupa jẹ́ nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́, tí ófùn sì ti ń jó láti àárọ̀. Ní 75°F, òórùn ọtí nìkan lẹ ó máa gbọ́, adùn èso á sá lọ. Ẹ gbé e sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo òtútù ìta, ẹ wo iye tó jẹ́ o, torí wáìnì máa ń dì bó bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi 22°F, ìyẹn kò sì ṣòro ní Chicago lóṣù Kọkànlá.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣí èyí tó ń hó, ẹ rí i pé ó ti tutù wọnú. Èyí tó gbóná ló máa ń fò. Ẹ ká bébà orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tú wáyà rẹ̀. Ìyíká ààbọ̀ mẹ́fà ló ń gbà. Ẹ má gbé àtàǹpàkò kúrò. Ẹ dẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí ẹnikẹ́ni, ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, kí ẹ máa yí ìdí ìgò, kì í ṣe kọ́ọ̀kì. Bó bá ti ń ti ara rẹ̀ jáde, ẹ máa dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Bó bá dún gbàù, ẹ ti pàdánù gíláàsì kan sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èwo ni ká fi jẹ páì elégédé àti ti pecan?

ÌDÁHÙN: Wáìnì tó dùn ju páì lọ nìkan. Bí kò bá dùn tó o, kíkan ló kù. Tawny Port ọlọ́dún mẹ́wàá, wáìnì dídùn láti ilẹ̀ Portugal, ló bá pecan mu jù, torí òun náà ń rùn bí ẹ̀pà yíyan àti ṣúgà sísun. Ẹ bu mílílítà 75 péré fún ẹnì kan, ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 20. Fún ti elégédé, Moscato d'Asti, wáìnì funfun dídùn láti Ítálì, fúyẹ́, kì í sì ju ìdá 5 tàbí 6 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni ìyá ọkọ mi àti arábìnrin rẹ̀, oyún sì wà nínú àbúrò mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa mu omi lásán nígbà tí àwọn yòókù ń gbé gíláàsì sókè. Ṣé wáìnì tí wọ́n ti yọ ọtí inú rẹ̀ dáa?
Ìyàwó àgbà, Atlanta

ÌDÁHÙN: Ẹ káre láé tí ẹ ro tiwọn. Ẹ ṣọ́ra fún ìgò tí wọ́n kọ “non-alcoholic” tàbí “dealcoholized” sí. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí ọtí díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀, bí kò bá ti tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. “Alcohol free” ló yẹ kí ó má ní rárá. Màmá lè má fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ bi wọ́n kí ọjọ́ tó pé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé wáìnì tí ẹ bá dà sínú gravy kì í gbẹ tán nínú iná. Omi ẹran tòlótòló ni kí ẹ fi ṣe tiwọn, tàbí kí ẹ kúkú fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní tiwa, zobo ló sún mọ́ ohun tí a ń wá jù. Ó pupa, ó ń kan, ó sì ń mú ẹnu gbẹ díẹ̀ bíi ti wáìnì, nítorí náà ó máa ń bá cranberry mu. Ẹ wẹ ife ìṣápá gbígbẹ méjì lẹ́ẹ̀mejì, torí yanrìn máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ sè é pẹ̀lú lítà omi méjì ààbọ̀, ata ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ fọ́ tó bí ìka méjì, kànáfùrù márùn-ún àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ ti fọ̀ dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Bó bá pẹ́ jù lórí iná, á korò. Ẹ dé e títí á fi tutù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó wá fi ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró kó tó dùn tán. Aṣiṣe tó wọ́pọ̀ ni kí zobo dùn bí omi ṣúgà, irú ìyẹn kò lè bá oúnjẹ rìn. Ẹ fi gíláàsì wáìnì gbé e fún wọn. Ti aboyún ni kí ẹ fi omi èso ápù tó ń hó, tí kò ní ọtí nínú, rọ́pò, àwọn dókítà kì í fẹ́ kí aboyún mu ìṣápá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní láti bi dókítà rẹ̀, torí ìṣápá lè mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bí àlejò bá gbé wáìnì wá, ṣé dandan ni kí n ṣí i? Àwọn tí a ò mu tán ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Kò sí dandan. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ gbé e síbì kan, àyàfi bó bá ní òun gbé e wá fún oúnjẹ òní. Bí ẹ bá ṣí ìgò kan tó ń rùn bíi páálí tó tutù, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́. Gbígbé e sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn kò lè tún un ṣe. Ẹ dé e padà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, ọ̀pọ̀ wọn ló ń pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, pupa àti funfun, ẹ dé e pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí gbogbo rẹ̀ wọ fíríìjì. Funfun á lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, pupa mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó ń hó kò ní ju ọ̀la lọ àyàfi tí ẹ bá ní ìdérí rẹ̀ onírin. Port lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìsàlẹ̀ ìgò méjì mẹ́ta bá kù, ẹ dà á sínú abọ́ tí ẹ fi ń ṣe yìnyín, kí ẹ gbé e sí fírísà. Ègé yìnyín wáìnì méjì nínú ìkòkò á dára fún ọbẹ̀ egungun tòlótòló lọ́jọ́ Sátidé.